Ìmúra fún Agbo Orin Rọ́ọ̀kì Àkọ́kọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù)

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ fún mi pé àwọn òbí kan ti ń béèrè ohun tí wọn yóò ṣe sí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó ń fi omijé bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun lọ sí agbo orin rọ́ọ̀kì. Baba kan ti búra pé ọmọ òun kò ní í dé ibẹ̀ láéláé. Ìyá kan, ní tirẹ̀, ti san owó tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì ti fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ni kò tí ì ṣe iṣẹ́ òbí tán. Ọmọ tí a kọ̀ fún lónìí yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ nígbà tí ó bá pé ọdún méjìdínlógún, láìsí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ohunkóhun. Ọmọ tí a sì kàn fún lówó, àìmọ̀kan kan náà ni yóò bá a ròde. Àwọn baba wa ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ tí ó yẹ kí ọmọ náà kó láti ilé ni mo wá bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kan kúrò lọ́nà. Àwọn kan nínú wa gbà pé orin òyìnbó ni orin yìí, pé orin àwọn aláìgbọràn ni, kò sì kàn wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀: Sister Rosetta Tharpe, obìnrin tí ó ń fi gìtá oníná kọ orin ìyìn Ọlọ́run, àti Chuck Berry, tí àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́, Maybellene, jáde ní 1955. Ní Èkó pàápàá, àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's kó ara wọn jọ, wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Ofege, wọ́n sì gbé àwo Try and Love jáde ní 1973, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba. Àwọn baba kan tí ó gbọ́ àwo náà nígbà tí ó jáde wà nínú gbọ̀ngàn yìí; mo rí i tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, èmi kò sì ní í dárúkọ wọn níwájú àwọn ọmọ wọn.

Ní ti aṣọ dúdú tí a ya agbárí sí, tí ó ń kó àwọn ìyá lọ́kàn sókè, mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní àmì ẹgbẹ́ olórin ni, bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ti ń ní àmì tirẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Bàtà ni kí ẹ fi ojú sí, kí ó jẹ́ èyí tí ó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, tí okùn rẹ̀ sì so dáadáa.

Etí ni ibi tí ewu wà gan-an. Nínú etí lọ́hùn-ún ni àwọn fọ́nrán tín-tìn-tín kan wà tí ó dà bí irun, àwọn ni ó ń gba ìró kí ó tó dé ọpọlọ. Bí ariwo bá pa wọ́n, wọn kì í hù mọ́ títí ayé. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn agbára ìró. Àwọn onímọ̀ ìlera òṣìṣẹ́ gbà pé ènìyàn lè wà nínú ariwo 85 fún wákàtí 8 lójúmọ́; ṣùgbọ́n bí a bá fi 3 péré kún un, àkókò náà di ìdajì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 88, ó di wákàtí 4; bí ó bá jẹ́ 91, wákàtí 2; 94, wákàtí 1; 97, ìṣẹ́jú 30; nígbà tí ó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 ni ó kù. Agbo orin rọ́ọ̀kì sì sábà máa ń dé 100 tàbí kí ó kọjá rẹ̀, wọ́n a sì máa ṣeré fún nǹkan bí wákàtí méjì, láì ka ẹgbẹ́ kékeré tí ó kọ́kọ́ ṣí agbo. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde pé kí ìró inú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ má ṣe kọjá 100 bí a bá pín in dọ́gba lórí ìṣẹ́jú 15, kí a sì ní ibi ìdákẹ́jẹ́ tí etí lè ti sinmi. Ìmọ̀ràn ni èyí, kì í ṣe òfin, nítorí náà kí olúkúlùkù ṣọ́ etí ara rẹ̀. Pete Townshend, onígìtá ẹgbẹ́ The Who, ti sọ ọ́ ní gbangba fún ọ̀pọ̀ ọdún pé etí òun ti bàjẹ́.

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Èdídí etí wà ní ilé oògùn gbogbo. Èyí tí a fi fọ́ọ̀mù rírọ̀ ṣe, a ó fi ìka yí i títí yóò fi tín-ín-rín, a ó fi ọwọ́ kejì fa etí sókè, a ó tì í wọlé, a ó sì dì í mú títí yóò fi wú padà. Òmíràn wà tí a ṣe fún orin, tí ó ń dín ìró kù láìba adùn rẹ̀ jẹ́. Owó rẹ̀ ga díẹ̀ ju ti fọ́ọ̀mù lọ, ṣùgbọ́n ọmọ lè lò ó fún ọdún púpọ̀. Kí ọmọ fi í dánra wò nílé ṣáájú, kí ó má baà jẹ́ pé inú òkùnkùn ni yóò ti máa kọ́ ọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ yóò sọ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ yín yóò fi yín ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ wo etí àwọn olórin fúnra wọn lórí pèpéle, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn dí i. Ibikíbi tí ẹ bá sì dúró sí, kí ó má ṣe jẹ́ iwájú gbohùngbohùn.

Lẹ́yìn etí ni ọ̀rọ̀ èrò. Ní 3 Oṣù Kejìlá 1979, ní Cincinnati ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ènìyàn 11 kú ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn kí ẹgbẹ́ The Who tó bẹ̀rẹ̀ eré. Ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ni kò ní ìjókòó tirẹ̀, olúkúlùkù ń dù láti kọ́kọ́ wọlé, ilẹ̀kùn tí a ṣí kò sì tó. Ní 30 Oṣù Kẹfà 2000, ní Roskilde ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ọ̀dọ́mọkùnrin 9 kú níwájú pèpéle nígbà tí ẹgbẹ́ Pearl Jam ń ṣeré. Nítòsí wa níhìn-ín, ní Brixton, ní Oṣù Kejìlá 2022, ènìyàn méjì pàdánù ẹ̀mí wọn nínú ìrọ́lura ní agbo Àṣàkẹ́, ọmọ wa. Ti Àṣàkẹ́ kì í ṣe orin rọ́ọ̀kì, ẹ sì rí i pé irú orin kọ́ ni ó ń pa ènìyàn.

Nínú irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, àìrí àyè mí ni ó ń pani ju ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lọ. Bí èrò bá ju márùn-ún lọ ní àyè tí ó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, ara ènìyàn kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ mọ́. Bí omi ti ń gbé ewé ni èrò yóò máa gbé e. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Bí ọmọ bá ti wọlé, kí ó kọ́kọ́ wá ilẹ̀kùn méjì tí ó lè gbà jáde, yàtọ̀ sí èyí tí ó gbà wọlé. Bí àyè bá ń há, kí ó kúrò kí ó tó há tán. Bí ó bá há mọ́ ọn, kí ó gbé apá méjèèjì sí iwájú àyà bí ẹni tí ń kan ẹ̀ṣẹ́, kí àyà lè rí àyè mí. Kí ó má ṣe ti èrò padà. Nígbà tí ìtì náà bá dẹ̀, kí ó máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí agbo. Bí fóònù bá bọ́ sílẹ̀, kí ó fi sílẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣubú, kí gbogbo ẹni tí ó wà nítòsí fà á dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn ọmọ náà yóò sọ fún yín pé ní àárín agbo, wọ́n a máa mọ̀ọ́mọ̀ kọlu ara wọn bí àgbò. Òótọ́ ni, ìlànà gbígbé ẹni tí ó ṣubú dìde sì wà láàárín àwọn tí ń ṣe é, èyí tí ó dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ ra ìjókòó òkè fún un.

Ẹ ra á lọ́wọ́ ẹni tí gbọ̀ngàn fi àṣẹ fún láti tà á, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ó dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà, kí ẹ sì ka òfin ọjọ́ orí kí ẹ tó sanwó, nítorí pé olúkúlùkù gbọ̀ngàn ní tirẹ̀. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wà nísinsìnyí, nítorí náà kí iná fóònù kún. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn kì í gba àpò ńlá wọlé. Kí ọmọ jẹun yó kí ó tó jáde. Láti 2010 ni òfin ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ilé tí ó ní àṣẹ àtita ọtí fún gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́ bí ó bá béèrè. Kí ojú má ṣe tì í láti béèrè.

Ọ̀nà àtibọ̀ ni àwọn òbí sábà máa ń gbàgbé. Agbo lè tú ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òru, kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì rọ́ lọ sí ibùdókọ̀ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ mọ́jú bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ṣùgbọ́n òru ọjọ́ Ẹtì àti ti ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni, kì í sì í ṣe ní gbogbo ojú ọ̀nà. Ẹ fi ẹnu kò sí ibi kan pàtó tí ẹ ó ti pàdé, kí ó jìnnà díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù yín sórí ìwé sínú àpò ọmọ náà, bí fóònù tirẹ̀ bá kú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ bi í léèrè bóyá etí rẹ̀ ń hó. Bí ó bá ń hó, kí ó sinmi kúrò nínú ariwo. Bí kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ó sọ gbogbo bí agbo náà ti rí fún yín, orin dé orin, bí ó tilẹ̀ gùn.

Mo mú èdídí etí díẹ̀ wá sínú àpò yìí. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí tí ẹ bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń lò ó sún mọ́ tábìlì.