Oúnjẹ àti Ọ̀rọ̀ Akọ Tàbí Abo

   

Ìbéèrè kan la fẹ́ dáhùn lónìí. Lẹ́yìn wáàsí ní Ìbà, ìyá kan dúró dè wá títí èrò fi tú ká. Ọmọbìnrin mẹ́rin ló ti bí. Wọ́n ń sọ nínú ilé ọkọ rẹ̀ pé bí ìkarùn-ún bá tún jẹ́ obìnrin, àwọn á fẹ́ ìyàwó mìíràn fún ọmọ àwọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá kọ oúnjẹ sínú ìwé fún un: kó máa jẹ iyọ̀ púpọ̀, ẹran àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kó má fẹnu kan wàrà, ẹ̀pà àti ẹ̀fọ́ títí yóò fi lóyún ọkùnrin. Oṣù kẹta rèé tó ti ń ṣe é. Ó ti rù, òòyì sì ń kọ́ ọ. Ó ní, "Ààfáà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Ìwé yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa o. Stolkowski àti Lorrain ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1980, pé iyọ̀ ń fa ọkùnrin, ohun tó wà nínú wàrà sì ń fa obìnrin. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Exeter àti Oxford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bi obìnrin 740 tí wọ́n lóyún àkọ́kọ́ léèrè ohun tí wọ́n jẹ. Nínú àwọn tó jẹun jù, 56 nínú 100 ló bí ọkùnrin. Nínú àwọn tó jẹun kéré jù, 45. Ariwo ta! Ṣùgbọ́n ní 2009, Stanley Young àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tún ìṣirò náà yẹ̀ wò, wọ́n ní kò dúró, nítorí oúnjẹ tí wọ́n béèrè lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá dijú ju ọgọ́rùn-ún òkò sí igi máńgòrò, ọ̀kan á sáà já èso. A kò lè torí ìyẹn pè é ní ọlọ́fà.

Àwa náà kúkú ní tiwa. Ní Igbó-Ọrà, wọ́n ní ọbẹ̀ ilasa àti àmàlà ló ń mú ìbejì wá. Ìbejì pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò tíì sí ẹ̀rí pé ọbẹ̀ ni. Àmàlà tí wọ́n ń jẹ ní Òkukù ńkọ́?

Ohun tó dájú nìyí. Ní 1905, Nettie Stevens, obìnrin kan tó ń yẹ kòkòrò inú ìyẹ̀fun wò, àti Edmund Wilson, rí i pé inú àtọ̀ ni akọ tàbí abo ti ń wá. Ẹyin obìnrin, X ló máa ń gbé wá nígbà gbogbo. Àtọ̀ ọkùnrin ló pín sí méjì, àwọn kan gbé X, àwọn kan gbé Y. Bí Y bá kọ́kọ́ wọlé, ọkùnrin. Bí X bá ni, obìnrin. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ ìyàwó kò lè sọ X di Y. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ọkọ, bí ẹ bá fẹ́ bínú sí ẹnì kan, ọmọ tiyín ni kí ẹ bínú sí. Òun náà kò sì mọ èyí tó máa ṣíwájú. Suratu Shura ti sọ ọ́ pé Ọlọ́hun ló ń pín in bó ṣe wù Ú, obìnrin ni Ó sì kọ́kọ́ dárúkọ níbẹ̀.

Àwọn ọmọkùnrin Ànábì, Qasim, Abdullah àti Ibrahim, kékeré ni gbogbo wọn kú. Zaynab, Ruqayyah, Ummu Kulthum àti Fatima ló dàgbà. Ìdílé rẹ̀ tó wà láyé títí dòní, láti ọ̀dọ̀ Fatima ni. Ìyàwó Imran náà retí ọkùnrin, Maryam ló bí.

A dá ìyá náà lóhùn pé kí èèyàn tọrọ ọmọkùnrin kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ànábì Zakariyya tọrọ. Ẹran àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ṣe èèwọ̀. Kí a máa fìyà jẹ ara tí Ọlọ́hun fi ṣọ́ wa ni kò dáa. Iyọ̀ púpọ̀ ń dá ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń pa aboyún. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ní kó má jẹ gan-an ni ara rẹ̀ ń fẹ́. A ní kó lọ sí ilé ìlera, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fún un ní oògùn folic acid, èyí tí à ń lò láti ìgbà tí a bá ti ń wá oyún títí oyún á fi pé ọ̀sẹ̀ 12, kí àbùkù má bàa bá ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ. Ìyẹn ni oúnjẹ àti oògùn lè ṣe fún ọmọ, akọ ni o, abo ni o.

A tún ní kó mú ọkọ rẹ̀ wá. Ó mú un wá lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ilé tí òun kọ́ lòun ń rò, ta ni yóò jókòó sí i. A ní, àwọn mẹ́rin tó ń sùn nínú rẹ̀ lálẹ́ yìí ńkọ́? Suratu Nisai ka ọmọbìnrin mọ́ ajogún, àṣà Yorùbá pàápàá kò lé e kúrò nídìí ogún bàbá rẹ̀. Kò dá wa lóhùn. Ṣùgbọ́n ó gba ìwé oúnjẹ yẹn lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì tì í bọ àpò.

Lọ́la, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, a ó sọ̀rọ̀ lórí ààwẹ̀ aboyún àti abiyamọ. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa rédíò.