Ṣé Kí N Kàn Dákẹ́ Ni?

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ lónìí, ẹni tí wọn ò tíì rẹ́ jẹ rí ló lè rò pé ó rọrùn.

Ẹnì kan yá owó lọ́wọ́ yín, kò san án padà, ó tún ń gbé fọ́tò ìgbádùn sórí status. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ jọ sọ ṣì wà lórí WhatsApp. Screenshot mẹ́rin péré, orúkọ rẹ̀ á ti bàjẹ́ kílẹ̀ tó ṣú. Kí ni kí Kristẹni ṣe? Àwọn kan á ní, "Gbàgbé ẹ̀, jàre." Wọ́n á fi òwe tì í: bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré. Òwe gidi ni, àmọ́ ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ kọ́ nìyẹn.

Nǹkan bí ọdún 57 ló kọ̀wé sáwọn ará Róòmù. Ní orí kejìlá, ó ní kí wọ́n má fi ibi san ibi, kí wọ́n fi ẹ̀san sílẹ̀ fún Ọlọ́run, kí wọ́n sì fún ọ̀tá tí ebi ń pa lóúnjẹ. Kò ní kí wọ́n ṣe bí ẹni pé kò dùn wọ́n. Tó bá sì kan àlàáfíà, ó fi nǹkan kan síbẹ̀ táwọn oníwàásù wa máa ń sáré kọjá: pé bó bá ṣeé ṣe ni o, níwọ̀n ibi tí agbára wọn bá mọ. Ó mọ̀ pé ìgbà míì wà tí kò ní ṣeé ṣe. Ẹnì kan ò lè dá ṣe àlàáfíà ẹni méjì.

Ẹ wá ṣí i sí orí kẹtàlá. Bó ṣe sọ̀rọ̀ ẹ̀san tán ló bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìjọba, pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni aláṣẹ tó ń fìyà jẹ arúfin. (Pọ́ọ̀lù kọ́ ló pín in sí orí-orí o, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń bá lọ.) Torí náà, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù, tó lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, kò gbẹ̀san. Bó bá kó jáde nílé, kò gbẹ̀san. Inú máa ń bí mi tí wọ́n bá fi orí kejìlá yẹn dè é mọ́lẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀san ni pé kí n fúnra mi jẹ́ adájọ́, kí n tún mú pàṣán dání, torí mo fẹ́ kó dun òun náà.

Bó bá dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni, ẹ jẹ́ ká lọ sí Kàdúná. Pásítọ̀ James Wuye àti Lèmọ́mù Muhammad Ashafa wà lára àwọn tó ń darí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bára wọn jà níbẹ̀. Nínú rògbòdìyàn ọdún 1992, Wuye pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Wọ́n pa ìbátan Ashafa méjì, wọ́n sì pa olùkọ́ rẹ̀ nípa ẹ̀sìn. Lọ́dún 1995, oníròyìn kan mú wọn pàdé.

Ẹ má rò pé wọ́n dì mọ́ra lọ́jọ́ náà o. Wuye ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé nígbà táwọn jọ ń sùn nínú yàrá kan lẹ́nu ìrìn àjò, ó wá sóun lọ́kàn pé kóun fi ìrọ̀rí tẹ ọkùnrin náà mọ́lẹ̀ títí ẹ̀mí á fi bọ́. Pásítọ̀ ni o! Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn wọn nìyẹn. Kò dúró dìgbà tínú rẹ̀ rọ̀ kó tó ká ọwọ́ kò. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ ká kò, inú wá ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tára ìyá Wuye ò yá, Ashafa lọ kí i ní ọsibítù. Wọ́n jọ dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń bá Kristẹni àti Mùsùlùmí parí ìjà. Ọwọ́ Wuye ò hù padà.

Ó yá, fóònù yín ńkọ́? Ẹ béèrè owó yín. Ẹ pè é, ẹ mú ẹni méjì lọ bá a, bó bá kọ̀, ẹ gbé e dé iwájú àwọn àgbà tàbí ilé ẹjọ́. Bó bá jẹ́ oníjìbìtì tó ń wá ẹlòmíì tó máa lù, ẹ kìlọ̀ fáwọn èèyàn, ohun tó ṣe nìkan ni kẹ́ ẹ sọ. Àmọ́ ibi tó ti ń sunkún fún yín lóru ọjọ́ yẹn, tó ń sọ ohun tójú rẹ̀ rí nílé bàbá rẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe nínú ọ̀rọ̀ owó?