Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Yunifásítì: Ṣé Ó Tó Ohun Tí À Ń Torí Rẹ̀ Gbààwẹ̀?

Wọ́n ní kí alukoro sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí oúnjẹ tó dé. Mo ti ń gbọ́ òórùn ẹran, n kò ní í pẹ́.

Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, owó jẹ́lé-ó-sinmi ni gbogbo wa ń ráhùn lé lórí. Àwọn ọmọ náà ti ń wọ yunifásítì báyìí, àwọn kan sì ń kọ̀wé sí òkè òkun. Nítorí pé ọmọ tèmi ló kọ́kọ́ gba ọ̀nà náà, ẹ máa ń pè mí lóru: "Alukoro, wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá ọmọ mi lẹ́nu wò. Kí ni kó sọ?" Mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń gbààwẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ báǹkì ṣàlàyé. Bí oníbàárà bá wá yá owó, a máa ń rán òṣìṣẹ́ kan lọ wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Á wo ọjà, á bá a tàkúrọ̀sọ, á kọ ohun tó rí. Òun kọ́ ló ń yá ni lówó o. Ìgbìmọ̀ tó wà ní orílé-iṣẹ́ ló ń wo owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, tó sì ń pinnu. Bí ìwé owó kò bá dára, ọ̀yàyà kò ràn án. Àmọ́ bí oníbàárà méjì bá dọ́gba, ohun tí òṣìṣẹ́ wa kọ lè gbe ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà bíi Yale àti Princeton. Ẹni tó ti kàwé jáde níbẹ̀ ló sábà máa ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í rí èsì ìdánwò ọmọ náà. Á kọ ìròyìn ránṣẹ́, ó parí. Oxford àti Cambridge yàtọ̀. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ fúnra wọn ló ń bi ọmọ léèrè ní oṣù Kejìlá, lórí iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́. Wọ́n á gbé ohun tí kò rí rí síwájú rẹ̀, wọ́n á máa wo bó ṣe ń ronú. Tibẹ̀ wúwo gan-an.

Mo ní nǹkan kan láti jẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọmọbìnrin mi ní ohun tí yóò sọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà: òun fẹ́ di dókítà kí òun lè ran Áfíríkà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà, mo jókòó sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, níbi tí obìnrin tó ń bi í léèrè kò ti lè rí mi, mo di ìwé mú. Ọmọ ka tirẹ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn. Obìnrin náà ní, "Ó dáa. Kí lo máa ń ṣe ní Sátidé?"

Ìyẹn ò sí nínú ìwé wa. Ọmọ wò mí. Mo ń fọwọ́ gbá àyà, kó lè rántí ìṣègùn. Ó gbójú kúrò lára mi, ó ní òun máa ń tẹ̀ lé ìyá àgbà lọ sọ́jà, òun ló ń kọ orúkọ àwọn tó ra gàrí láwìn. Obìnrin náà bi í bó ṣe ń mọ ẹni tó máa san. Ó ní àwọn tó ń ra díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ń san ju ẹni tó kó odindi àpò lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ gàrí. Èmi tí mo ń jẹun nídìí gbèsè, n kò mọ̀ pé ó ń kíyè sí ìyẹn.

Wọn kò gbà á. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀. Máàkì JAMB àti post-UTME ló gbé e wọ yunifásítì nílé níbí, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan nípa gàrí. Ìṣirò owó ló ń kọ́, òun ló sì yàn án fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pè mí lóru, ẹ jẹ́ kí ọmọ sùn. Kó kà nípa ilé-ìwé náà, kó ní ìbéèrè tirẹ̀ tí yóò bi wọ́n. Ẹ sọ fún un pé lọ́dọ̀ tiwọn, wíwo àgbà lójú kì í ṣe àfojúdi. Kí ẹ̀yin fúnra yín sì jáde nínú yàrá.

Ìyá àgbà ṣì ń bi mí ìgbà wo ni akọ̀wé òun máa gba ìsinmi. Mo rí i pé ìrẹsì ti ń bọ̀.