Àpótí Ìwé Kan Láti Ilé Kọ̀ọ̀kan
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Houston

  Ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé ni ẹ ní kí n wá sọ. N kò ní pẹ́ lórí ìdúró.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ Yunifásítì Texas Southern ní àdúgbò Third Ward. Ọdún 1947 ni ìjọba Texas dá a sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú, nítorí pé wọn kò fẹ́ gbà wọ́n sí yunifásítì àwọn òyìnbó. Ní 1948, ilé-ẹ̀kọ́ náà ra ìwé tí òǹtàwé kan, Charles Heartman, ti ṣà jọ lórí ìgbésí ayé àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó wà ní ilé ìkàwé wọn títí dòní. Ibẹ̀ náà ni ìwé Barbara Jordan wà, ọmọ bíbí Houston tó jáde ní yunifásítì yẹn ní 1956, tó sì di aṣòfin ní Washington.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí ilé ìkàwé bá fẹ́ ṣe ìpàtẹ, kí ni wọ́n ń kó sínú gíláàsì? Lẹ́tà ni, fọ́tò ni, ìwé ètò ayẹyẹ ni. Ohun tí ẹlòmíràn ì bá ti dà nù ni. Ìpàtẹ kì í já bọ́ láti ọ̀run. Ẹnì kan ló tọ́jú nǹkan.

Àwa náà ń lọ síbi ayẹyẹ àṣà ní àwọn yunifásítì. A ó wọ aṣọ òkè, ìlù a dún, a ó jẹun, a ó ya fọ́tò, a ó sì padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, kí ló kù tí ọmọ wa lè kà?

Olùkọ́ kan wà ní Texas Southern, John Biggers, tó dá ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1949. Ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ní 1957 ó rìn dé Gánà, Tógò, Dahomey tí a ń pè ní Benin lónìí, àti Nàìjíríà. Ó ya ohun tó rí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé Ananse ní 1962. Ẹni tí wọ́n kó baba ńlá rẹ̀ kúrò nílé ló padà lọ wo ilé, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa tí a ti ilé wá, kí ni a kọ?

Ẹ rántí ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní London ní 1924. Ó wà ní British Museum báyìí, a sì mọ̀ pé Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ère ìbejì tó wà nínú gíláàsì káàkiri ayé: púpọ̀ nínú wọn ni kò ní orúkọ agbẹ́gilére. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò lórúkọ. Ẹni tó gbé ère lọ ni kò béèrè.

Àwọn tó kọ́kọ́ dé ìlú yìí nínú wa ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dé ilé bàbá kan lẹ́yìn ìsìnkú, mo bá ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé nínú àpò ìdọ̀tí. Àwọn ọmọ kò lè ka Yorùbá, wọn kò mọ ohun tó jẹ́. Ẹ̀bi wọn kọ́. Omi náà kò sì gbẹ́yìn. Ìjì Allison ní 2001 ba ọ̀pọ̀ ìwé jẹ́ ní ilé ìkàwé òfin ti Yunifásítì Houston; Harvey ní 2017 wọ ilé àwa fúnra wa.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí ilé kọ̀ọ̀kan kó àpótí ìwé kan jọ: lẹ́tà, ìwé ètò ìsọmọlórúkọ, fọ́tò pátì. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, ibi àti ọdún sẹ́yìn fọ́tò, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn. Èkejì, kí àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀: oríkì wọn, àti bí wọ́n ṣe dé Houston. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò lọ bá ilé ìkàwé yunifásítì kan sọ̀rọ̀. Kí a tó kó ohunkóhun fún wọn, kí àdéhùn wà lórí ìwé: ta ló ni ín, ta ló lè kà á. Bí wọ́n bá sì pàtẹ rẹ̀, kí àwọn ìyá wa bá wọn kọ àlàyé rẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀yin àgbà wa, àkísà yín gan-an ni mo wá tọrọ. Ẹ má dà á nù.