Oríta Mẹ́ta: Ìgbéraga Oedipus àti ti Ọdẹ́wálé

Lónìí, ọ̀rọ̀ ìgbéraga nínú ìtàn àwọn Gíríìkì ìgbàanì ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Bí a bá ti dárúkọ Oedipus báyìí, a ó ní kádàrá ló mú kó pa bàbá rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ṣẹlẹ̀ nínú eré Sophocles. Oríta mẹ́ta ni. Ọba Laius wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, Oedipus ń fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n fẹ́ tì í kúrò lójú ọ̀nà, ó lu awakọ̀. Ọba nà án lórí, ni òun náà bá fi ọ̀pá lu ọba pa. Kò sí èyí tó gbà láti yà fún ẹnì kejì.

Ọkàn tí kò jẹ́ kó yà yẹn náà ló fi dojú kọ Sphinx, tó já àlọ́ rẹ̀, tí àwọn ará Thebes sì fi í jọba. Láti ìgbà náà, kò gbà pé ẹnikẹ́ni gbọ́n tó òun mọ́. Ó fi Tiresias, afọ́jú aríran, ṣẹ̀sín pé kò lè já àlọ́ ọ̀hún.

Ní 1968, tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà, wọ́n ṣe eré Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame, ní Ilé-Ifẹ̀. Oedipus ti di Ọdẹ́wálé. Oríta mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀, lẹ́bàá Ẹdẹ, ṣùgbọ́n ìjà oko ni wọ́n ń jà. Bàbá àgbà kan bú ẹ̀yà rẹ̀, Ọdẹ́wálé sì fi ọkọ́ pa á. Nígbẹ̀yìn, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má dá àwọn òrìṣà lẹ́bi: wọ́n kàn mọ ibi tí òun kù sí ni.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Èmi ò ní sọ fún ọ̀dọ́ kankan pé kó má lépa ipò ńlá. Ṣùgbọ́n kálukú wa ló ní ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá sọ ọ́ sí wa, ojú wa á ṣú. Ká tó gun òkè, ká ti mọ ọ̀rọ̀ náà. Ìjà ò dọlà, orúkọ ní ń sọ ni.

Ọ̀rọ̀ wo ni tìrẹ? Ó dìgbà kan ná.