Gíà Auto Nínú Mọ́tò Àtijọ́: Ohun Kékeré Ló Ń Jó Owó Ńlá

(Ohùn mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n wa kan fi ránṣẹ́ láti Natako, Lọ́kọ́jà. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn. Ibi tí hónì trailer ti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, a fò ó. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ní mọ́tò.)

OHÙN KÌÍNÍ

Ariwo tẹ́ ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi yẹn, trailer ni. Natako ni mo wà, ẹ sì mọ̀ pé ibí kì í sùn.

Àbúrò mi tó wà ní Parakou ló bi mí ní ìbéèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ yọ gíà manual kúrò nínú Land Cruiser yín, ẹ fi auto tó ní overdrive rọ́pò ẹ̀. Èmi náà ní irú mọ́tò yẹn. Àjọ máa kàn mí lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé kí n ṣe é?" Mo kàn tẹ "ṣe sùúrù" sí i. Àmọ́ "ṣe sùúrù" kì í ṣe èsì. Owó àjọ kì í ṣe owó ẹnì kan. Tó bá jóná lọ́wọ́ ẹ, gbogbo wa la máa gbọ́ òórùn ẹ̀. Torí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ, àti ibi tí mo ti ṣìṣe.

Mọ́tò mi, Land Cruiser pickup ni, irú 70 tí Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1984. Ẹ́ńjìnnì 3F ló wà nínú ẹ̀, ti bẹntiróòlù, lítà mẹ́rin. Gíà manual, ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó bá ti wọ abúlé lọ ra iṣu lẹ́yìn òjò mọ ohun tí irú mọ́tò yẹn lè ṣe. Láti Natako, mo máa ń gba orí afárá Jamata, mo máa yà sínú igbó lápá Koton-Karfe, mo ra iṣu àti ẹja gbígbẹ, mo já sí títì padà, ó di Abaji, ó di Gwagwalada. Ìdajì ọ̀nà ẹrẹ̀, ìdajì títì ọlọ́dà.

Ní 2021, orúnkún òsì mi ní òun ò ṣiṣẹ́ mọ́. Clutch mọ́tò yẹn le bíi pé èèyàn ń tẹ òkúta. Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú go-slow, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Dókítà ní kí n mú ọ̀kan: clutch tàbí ẹsẹ̀. Mo gbé mọ́tò fún awakọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ń kó èrò lẹ́yìn mi. Ẹnì kejì fi ẹja mi sílẹ̀ sínú òjò. Oṣù márùn-ún gbáko, ìsọ̀ ata ìyàwó mi ló ń bọ́ wa, owó ilé ìwé àwọn ọmọ sì wà nílẹ̀. Kì í ṣe fáàrí ni mo fi wá gíà auto o. Mo fẹ́ padà sídìí iṣẹ́ mi ni.

Kí ni overdrive? Ẹ wo ẹ̀rọ ìlọta. Bẹ́líìtì kan ló so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ ọlọ. Tí púlì tó wà lára ẹ́ńjìnnì bá tóbi, tí ti ara ọlọ kéré, ọlọ á máa sáré ju ẹ́ńjìnnì lọ. Overdrive nìyẹn. Nínú gíà manual mi, tí mo bá wà ní ẹsẹ̀ kẹrin, ẹ́ńjìnnì yí lẹ́ẹ̀kan, ṣáfùtù tó lọ sẹ́yìn náà yí lẹ́ẹ̀kan. Torí ẹ̀ ló fi ń ké bí ẹran lójú títì. Nínú gíà auto tí mò ń sọ yìí, ẹsẹ̀ kẹrin ẹ̀ jẹ́ pé kí ṣáfùtù tó yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì yí díẹ̀ ju ìdá méje nínú mẹ́wàá lọ. Ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, á wá máa yí nǹkan bí 2,200, eré mọ́tò ò sì yí padà.

Àmọ́ ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ ìlọta mọ èyí tó kù: tí wọ́n bá da àgbàdo tó pọ̀ jù sínú ọlọ tó ń sáré yẹn, ẹ́ńjìnnì á kérora, á fẹ́ kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni overdrive. Ti títì tó tẹ́jú ni. Kì í ṣe ti òkè, kì í ṣe ti ẹrù tó wúwo. Ẹ fi sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀.

OHÙN KEJÌ

Ohùn ti já, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe dáadáa. Mi ò kàn ra gíà tó wù mí lójú. Toyota fúnra wọn fi ẹ́ńjìnnì 3F yìí sínú Land Cruiser 60, jíìpù ńlá tí wọ́n ṣe láti 1980 dé 1990, wọ́n fi manual sí òmíràn, wọ́n fi auto sí òmíràn. Ìyẹn ni pé ìdí ẹ́ńjìnnì mi àti ẹnu gíà auto ti 60 mọ ara wọn látilé. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi gíà 700R4 tí General Motors gbé jáde fún ọdún 1982 sínú Land Cruiser àtijọ́. Overdrive tiẹ̀ jẹ́ 0.70. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnnì Chevrolet sínú ẹ̀, àwọn tó kù ń ra irin tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ láti fi so méjèèjì pọ̀. Tó o bá ní kí wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ títì bá ẹ ṣe irin yẹn, tó fi bí irun orí báyìí yẹ̀, páńpù inú gíà á fọ́. Àbúrò mi, wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ẹ kó o tó wo gíà kankan.

Ó dáa. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ládípò ní Mushin, mo ra gíà náà ní tòkunbọ̀. Gíà àti torque converter nìkan. Àṣìṣe mi nìyẹn. Gbogbo nǹkan kéékèèké tó so mọ́ ọn nínú mọ́tò tí wọ́n ti yọ ọ́, mo fi sílẹ̀: páìpù ọ́ìlì méjì, cable kick-down, ọ̀pá gíà, switch ara ẹ̀. Mo ní mẹkáníìkì á "manage" ẹ̀. Owó ti tán lọ́wọ́ mi.

Mẹkáníìkì tó bá mi ṣe é kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó mọ manual dáadáa. Ó wẹ́ẹ̀dì gear seating tuntun, ó gé propeller shaft, ó tún un so, torí gígùn gíà méjèèjì ò dọ́gba. Ìyẹn dára. Nǹkan méjì tó kù ló pa mí.

Àkọ́kọ́, ìtutù. Kò sí clutch nínú gíà auto. Torque converter ló wà níbẹ̀: ẹ rò ó bíi fáànù méjì tó dojú kọra nínú ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì ń yí ọ̀kan, ọ́ìlì á ti èkejì. Nígbà tí ẹrù bá wúwo, ìkan á máa sáré ju èkejì lọ, ọ́ìlì á sì gbóná gidigidi. Torí ẹ̀ ni páìpù méjì fi jáde lára gíà, kí ọ́ìlì lọ tutù, kó tó padà. Rédíétọ̀ mọ́tò manual mi ò ní àyè fún ọ́ìlì yẹn. Kí ni mẹkáníìkì ṣe? Ó mú rọ́bà kan, ó fi so ẹnu páìpù méjèèjì pọ̀. Ó ní ọ́ìlì á máa yí. Lóòótọ́ ló ń yí. Ibi tó ti máa tutù ni kò sí.

Èkejì, cable. Cable tín-ín-rín kan ló máa ń ti ara kábúrétọ̀ lọ sínú gíà. Òun ló ń sọ fún gíà bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe tẹ accelerator tó, kí gíà lè fi agbára di àwọn páńtẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀ mú. Kábúrétọ̀ mi ò ní ibi tí wọ́n máa fi kọ́. Ó fi wáyà dè é mọ́lẹ̀, ó ní kò sí wàhálà.

Ọ̀sẹ̀ kan, ayé dùn. Mo wa mọ́tò ara mi dé Abuja, orúnkún ò dùn mí. Ìyàwó mi ní mo ti di ọmọkùnrin padà. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo di iṣu, mo kọrí sí Òkene. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn mọ òkè ibẹ̀. Bí mo ṣe ń gùn ún, ẹ́ńjìnnì ń pariwo, mọ́tò ò lọ. Òórùn kan wá bíi ti nǹkan tó jóná sí ìdí ìkòkò. Mo fa irin tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì. Ọ́ìlì auto tuntun pupa bí osùn. Èyí dúdú bíi kọfí. Owó àjọ oṣù mẹ́wàá, òkè kan ṣoṣo ló gbé e mì.

Kì í ṣe ayé, kì í ṣe àbíkú mọ́tò. Rọ́bà kan àti wáyà kan ni.

OHÙN KẸTA

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá owó yá mi nígbà yẹn, ẹ mọ ara yín. Ọlọ́run á dá a padà fún yín. Owó yẹn ni mo fi ra òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dúró títí wọ́n fi tú mọ́tò náà lójú mi. Mo kó gíà, páìpù, cable, ọ̀pá, switch, gbogbo ẹ̀ láti ara mọ́tò kan. Mo ra cooler ọ̀tọ̀, a gbé e síwájú rédíétọ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. A wọn cable: tí ẹsẹ̀ bá tẹ accelerator dé ilẹ̀, cable náà gbọ́dọ̀ ti dé òpin ẹ̀.

Síbẹ̀, mo tún gbàgbé ọ̀kan. Switch ara gíà auto ni kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sítáàtì àfi tí gíà bá wà ní P tàbí N. Rewire ní wáyà ẹ̀ pọ̀ jù, ó fò ó. Lọ́jọ́ kan ní ọjà, alábàárù mi, obìnrin kan tó pọn ọmọ, ń gbé àpò kọjá níwájú mọ́tò. Gíà wà ní D, mi ò wò ó. Mo yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò fò síwájú. Àpò ló gbá. Tó bá jẹ́ ìṣísẹ̀ kan sí i ni, mi ò ní máa bá yín sọ̀rọ̀ lálẹ́ yìí. N ò gbé mọ́tò yẹn kúrò níbẹ̀ títí rewire fi wá so wáyà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fo switch yẹn.

Omi náà ńkọ́? Ní oṣù kẹwàá 2022, nígbà tí omi bo títì ní Koton-Karfe, mo wọ omi ní ọ̀nà abúlé kan. Gíà máa ń mí. Ó ní ihò kékeré lókè ẹ̀. Omi gbabẹ̀ wọlé, ọ́ìlì di bíi mílíìkì aláwọ̀ osùn. Mo tètè dà á nù, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí omi tó ba gọ́ọ̀mù ara páńtẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ní báyìí, mo ti fi rọ́bà fa ihò yẹn gòkè dé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Epo ńkọ́? Lẹ́yìn 29 oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́, tí lítà kan kúrò ní ọgọ́rùn-ún àti mélòó kan náírà, tó kọjá 500, gbogbo èèyàn ń bi mí bóyá overdrive ń dín epo kù. Mi ò ní purọ́. Lójú títì, ó ń dín in kù. Nínú igbó, auto ń mu ju manual lọ. Ẹ́ńjìnnì 3F ò sì fìgbà kan jẹ́ ẹni tí kì í mu.

Tí mo bá ń gòkè tàbí tí mo di ẹrù, mo máa ń pa overdrive. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, mo máa ń pa á, mo sì tún fa gíà wálẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì bá bíréèkì di mọ́tò mú. Ẹ̀yin ará Lọ́kọ́jà ò ní gbàgbé ohun tí ọkọ̀ epo tó bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ ṣe ní Felele ní 23 oṣù kẹsàn-án 2020, àti àwọn ọmọ ilé ìwé tó bá a lọ. Kéèyàn má fi gbogbo ẹ̀mí lé bíréèkì nìkan.

Àbúrò mi, èsì ẹ rèé. Tí ẹsẹ̀ rẹ bá le, tó jẹ́ pé igbó lò ń wọ̀ jù, fi manual ẹ sílẹ̀. Mẹkáníìkì abúlé mọ̀ ọ́n tún ṣe. Tí bátìrì bá kú, wọ́n á tì í, á sítáàtì. Auto kì í gba títì. Tó bá kú sọ́nà, wàá yọ propeller shaft kí wọ́n tó fà á. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé bíi tèmi ni, pé láìsí i wàá jókòó sílé, ṣe é. Ṣùgbọ́n pín owó náà sí méjì. Ìdajì fún gíà. Ìdajì tó kù, má fọwọ́ kàn án: cooler, cable, switch, ọ́ìlì, ṣáfùtù ni. Tí ìdajì kejì ò bá tíì pé, má jẹ́ kí wọ́n tú bóòtù kan lára manual ẹ. Mọ́tò tí wọ́n ti tú sílẹ̀ kì í mú owó wálé.

Tó o bá ń ra gíà, fi fóònù ya gbogbo ohun tó so mọ́ ọn kí wọ́n tó yọ ọ́, kó o fi ránṣẹ́ síbí. Ẹ̀yin mẹkáníìkì tẹ́ ẹ wà láàárín wa, ẹ bá mi tún un ṣe níbi tí mo bá ti ṣì í.

Mo fẹ́ lọ sùn. Aago mẹ́rin ìdájí ni mò ń jáde. Ọlọ́run á ṣọ́ wa lójú ọ̀nà, ọjà á tà. Ó dàárọ̀ o.