Kí Òjò Tó Dé: Ọ̀rọ̀ Lórí Òrùlé Tó Ń Jò

Níbí ní Kàdúná, ọyẹ́ a máa mú kí igi òrùlé gbẹ, ìṣó á sì dẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ní í tú àṣírí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pààrọ̀ àjà yàrá mi nítorí àmì omi kan. Owó ni mo fi ṣòfò. Níkẹyìn, mo pa iná ilé, mo wọ òkè àjà lọ́sàn-án gangan. Mo rí ihò tí oòrùn ń gbà wọlé, ó tó ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí ibi àmì náà! Omi ń tọ igi wá ni.

Káfíńtà ti kan ìṣó sínú kòtò páànù tí omi ń gbà, dípò orí ibi tó ga. Rọ́bà abẹ́ àwọn yòókù ti sán. Mo yọ ọ́, mo fi ọ̀dà dí ihò rẹ̀, mo kan tuntun, tòun ti rọ́bà, sórí ibi tó ga.

Bí ẹ bá gun òrùlé, orí ìlà ìṣó ni kí ẹ máa tẹ̀, igi wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí òòyì bá ń kọ́, kó bẹ káfíńtà, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wá ihò náà fúnra rẹ̀.